Àmì Dúdú Ìsàlẹ̀ Ìgò

Àmì dúdú kékeré kan wà nísàlẹ̀ ìgò gbọọrọ tí mo fi ń dán omi wò. Iṣẹ́ ìgò náà kò le. Ẹ ó bu omi púùlù ìlúwẹ̀ẹ́, ẹ ó po oògùn ìdánwò mọ́ ọn, á funfun bí omi ògì, ẹ ó wá máa dà á sínú ìgò náà díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì máa wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti òkè. Níbi tí àmì dúdú yẹn bá ti pòórá mọ́ yín lójú, ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára ìgò. Bí omi bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ìgò kí àmì náà tó pòórá, kí ọkàn yín balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá tíì dà á dé ìdajì tí ẹ kò fi rí i mọ́, ọ̀ràn ti wà nílẹ̀.

Odindi oṣù mẹ́rin ni mi ò fi wo àmì yẹn. Ohun tí mo fẹ́ rò nìyẹn, òun àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

Sabon Gari, ní Zaria níbí, ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí. Ìlọrin ni bàbá wa ti wá. Ó ní òun fẹ́ wá tajà ọdún méjì péré, ó sì kú síbí. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Máṣíìnì dúdú kan tí a ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ni bàbá wa rà fún un lọ́jọ́ tó gba ìyọ̀ǹda, òun náà ló sì ń lò títí irun rẹ̀ fi funfun. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ra èyí tó ń lo iná. Òun kò rà. Ó ní iná Zaria kò mọ ìgbà tí oníbàárà ń bọ̀ wá gba aṣọ. Bí mo bá ń bọ̀ lọ́nà, mo máa ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ kí n tó rí ṣọ́ọ̀bù: á lọ, á lọ, á dúró díẹ̀, bí ẹni ń mí, á tún bẹ̀rẹ̀.

Èmi, púlọ́ḿbà ni mí. Ilé àlejò kan lójú ọ̀nà tó lọ sí Bomo ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn olùkọ́ yunifásítì àti àlejò wọn ló sábà máa ń wá síbẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá wa gbẹ́ púùlù, ó ní oníyọ̀ ni òun fẹ́, nítorí ó ti wẹ irú rẹ̀ níbì kan, kò ta á lójú. Àwọn ẹnjiníà méjì wá láti Kaduna, wọ́n gbé ẹ̀rọ sí i, wọ́n sì fi ọjọ́ kan ṣoṣo kọ́ mi.

Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí. Iyọ̀ ni a ó dà sínú omi, àpò rẹ̀ ni a lọ kó ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Chikaji. Kò pọ̀ tó iyọ̀ òkun. Bí ẹ bá tọ́ ọ wò, bí ìgbà tí omijé kán sínú omi mímu ni. Omi iyọ̀ náà á gba inú ẹ̀rọ kan tó ń lo iná kọjá, ibẹ̀ ni iyọ̀ á ti di kilorín, kilorín ló sì ń pa kòkòrò inú omi. Ṣùgbọ́n oòrùn tiwa níhìn-ín kì í jẹ́ kí kilorín pẹ́. Èyí tí ẹ bá rí láàárọ̀, kí wọ́n tó pe ìrun Àílà oòrùn á ti lá a tán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń da ìyẹ̀fun funfun kan sí i tó ń jẹ́ sitabiláísà. Èyí àgbà nínú àwọn ẹnjiníà náà ní, agboòrùn ni, ó ń ṣíji bo kilorín. Láti ọjọ́ náà, agboòrùn ni mo ń pè é.

Ó fi ọ̀kan kún un. Mo gbọ́ ọ, mi ò kàn gbé e sọ́kàn ni. Ó ní agboòrùn yìí kì í tán. Oòrùn kì í fà á lọ, bí omi bá gbẹ, òun á kù sílẹ̀. Bí ó bá wá pọ̀ jù, kilorín á wà lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni sùn. Ẹ ó dán omi wò, ẹ ó rí kilorín níbẹ̀, ṣùgbọ́n agbára àtipa kòkòrò kò ní sí lára rẹ̀ mọ́. Ó ní kò sí oògùn tó ń dín agboòrùn kù. Kí a da omi nù, kí a rọ tuntun sí i, ó parí. Ìgò àmì dúdú yẹn ni a fi ń mọ̀ bí agboòrùn bá ti pọ̀ jù.

Ọdún àkọ́kọ́ dára. Àwọn olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè mí ní Sarkin Rúwa, ọba omi. Bí mo bá ń fi àwọ̀n kó ewé lójú omi, ọ̀kan nínú wọn á na ọrùn wò mí, á ní, "Sarkin Rúwa, ṣé ọba tún ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbálẹ̀ ni?" Mo máa ń dá a lóhùn pé ààfin tí kò ní ẹrú, ọba ni yóò gbá a. A ó sì rẹ́rìn-ín.

Ọdún kejì ni iná bà jẹ́. Ó lè lọ lọ́jọ́ Ajé kó má dé títí di ọjọ́ Ẹtì. Jẹnẹrétọ̀ wà, ṣùgbọ́n ìgbà tí àlejò bá wọlé nìkan ni a ń tan án. Ẹ̀rọ iyọ̀ wá di nǹkan tó kàn wà lára ògiri. Kí omi má bàa bà jẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo kóro kilorín, àwọn kóro funfun tó fẹ̀ bí ọṣẹ ìfọṣọ. Inú ike kan tó ń léfòó ni mo ń kó wọn sí, wọ́n á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Mi ò mọ̀ pé agboòrùn wà nínú kóro kọ̀ọ̀kan. Ó wà lára páálí rẹ̀ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́, mo kà á nígbà tí kíkà rẹ̀ kò wúlò mọ́. Bí kóro ṣe ń yọ́, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà tún ń wọn ìyẹ̀fun kún un lóṣooṣù, nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ọyẹ́ dé, omi ń gbẹ, mo ń rọ omi kànga ẹ̀rọ rọ́pò. Agboòrùn kò lọ síbì kankan.

Àárín ọyẹ́ yẹn ni oògùn tí a fi ń wo àmì dúdú tán. Ọ̀gá ní kí n ní sùúrù di ìgbà tí ẹnìkan bá ń lọ sí Kaduna. Mi ò rán an létí. Oògùn tí a fi ń wo kilorín ṣì wà. Láràárọ̀ ni mò ń kán an sínú omi, omi á pọ́n bí ìyeyè, mo sì ń lọ jẹ kókó mi.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́yìn ọdún Iléyá ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú nínú ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú ṣòkòtò oníṣòkòtò lọ́wọ́. Àtọ̀gbẹ ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọlọ́run ṣàánú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì padà. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ni kò gbọ́. Ó ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún fa ara rẹ̀ kiri inú ilé, máṣíìnì sì wà ní igun yàrá, aṣọ bò ó. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ Ọlọ́run fún. Kò ní kí òun sáré, kò ní kí òun gun òkè. Kí ẹsẹ̀ òsì yẹn sáà lè tẹ máṣíìnì pẹ̀lú èkejì rẹ̀.

Obìnrin tó ń na ẹsẹ̀ fún àwọn aláìsàn ní ọsibítù ló sọ pé bí àyè bá wà, kí ó máa rìn nínú omi tó dé àyà, omi yóò gbé ara rẹ̀, ẹsẹ̀ yóò sì kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ padà. Ó sọ ọ́ bí ohun tí kò lè ṣeé ṣe fún irú wa. Èmi ni mo sọ pé ó ṣeé ṣe. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, ó ní kí a máa wá ní ọ̀sán àárín ọ̀sẹ̀ tí kò bá sí àlejò.

Nígbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀ la bẹ̀rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ NAPEP á gbé e dé ẹnu ọ̀nà, olùṣọ́ á dì í mú lápá kan, èmi á dì í mú lápá kejì. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ omi, ó dúró, ó wo ara rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun ní Zaria, ọjọ́ náà ni òun kọ́kọ́ rí omi tó mu òun dé àyà. Ó fi ìka kan omi, ó tọ́ ọ wò.

"Ẹ ti fi iyọ̀ sí i," ó ní. "Ẹran ló kù, òun náà lẹ gbé wọlé yìí."

A rẹ́rìn-ín títí olùṣọ́ fi béèrè ohun tí a sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un ní Hausa, òun náà rẹ́rìn-ín. Mo ti rántí ẹ̀rín yẹn ju bó ti yẹ lọ.

Ẹsẹ̀ náà gbọ́. Mi ò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àtàǹpàkò rẹ̀ mì. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó di etí púùlù mú, ó ń gbé ẹsẹ̀ òsì sókè ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo sì rí i pé kì í ṣe rírìn ló ń rìn. Ó ń tẹ máṣíìnì. Ojú rẹ̀ pàápàá yí padà, ó ń wo iwájú bí ẹni tó ń tọ́ ojú aṣọ.

Ìgbà yẹn gan-an ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara rẹ̀ hàn. Ògiri púùlù ń yọ̀ lábẹ́ ọwọ́ bí ẹja tútù. Òórùn kan wà níbẹ̀, bí aṣọ tí kò gbẹ dáadáa. Ọmọ àlejò kan wẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n pè ní ọjọ́ kẹta pé etí ń dùn ún. Mo kán oògùn sínú omi, ó pọ́n bí ìyeyè. Kilorín wà. Mo pe ẹnjiníà àgbà yẹn lórí fóònù. Ó béèrè iye oṣù tí mo ti ń lo kóro. Mo sọ fún un. Ó ní kí n da omi náà nù dé ìdajì lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́ kí n tó rọ tuntun.

Ẹ wò ó, ẹni tí kò bá gbé ibí yìí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ọ̀gá wa ti fa ẹnu ẹ̀rọ omi kan sí ẹ̀yìn ọgbà, sàráà ni ó fi ṣe fún àwọn ará Bomo. Kànga wọn ti gbẹ nígbà náà. Láti ìdájí ni àwọn obìnrin ti ń to jálá ìpọnmi sílẹ̀, wọ́n á jókòó lé e lórí, wọ́n á máa dúró de omi tó ń ṣe tín-ín-rín. Níbi tí mo dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ púùlù, mò ń gbọ́ ohùn wọn. Wọ́n ń jà nítorí ipò lórí ìlà. Kí èmi wá ki họ́ọ̀sì bọ púùlù, kí n da ìdajì rẹ̀ sí gọ́tà lójú wọn? Ojú ń tì mí láti tilẹ̀ rò ó. Ìyá wa ń bu omi tó fi fọ ìrẹsì wẹ ẹsẹ̀. Inú ilé bẹ́ẹ̀ la ti tọ́ mi.

Mo sọ fún ara mi pé òjò kù bí oṣù kan, òjò yóò rọ̀ sí i, yóò pò ó pọ̀, yóò sì ṣàn dànù fúnra rẹ̀. Mo dá àwọn àlejò dúró, mo ní ẹ̀rọ ń gba àtúnṣe. Mo ju kóro méjì sí i láti fi gbógun ti òórùn.

Ṣùgbọ́n mi ò dá ẹ̀gbọ́n mi dúró. Ohun tí mi ò rí bí mo ṣe lè yí i ká nìyẹn. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti mì. Mo rò pé bí mo bá ní kó sinmi fún oṣù kan, ẹsẹ̀ náà á tún gbàgbé. Mo wo omi náà, ó mọ́ débi pé mo ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kedere. Mo ní, kilorín sáà wà níbẹ̀.

Gìgísẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti sán láti ìgbà ọyẹ́. Ẹsẹ̀ yẹn ló ń ru gbogbo ara rẹ̀, sísán náà sì jìn. Àtọ̀gbẹ kì í jẹ́ kí ó mọ ìrora níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i pé ẹsẹ̀ náà wú, tí omi aláwọ̀ ewé ń jáde lára rẹ̀. A fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, a fi òróró pa á. Ní ọjọ́ kẹrin, ibà mú un débi pé ó ń pe bàbá wa.

Dókítà tó gbà wá ní ọsibítù, ọmọ Yorùbá ni, kò lè ju àkọ́bí mi lọ. Ó tú ẹsẹ̀ náà wò. Lẹ́yìn náà ó rọra béèrè pé, "Bàbá, omi wo ni ẹsẹ̀ yìí ti ń kàn?"

Mo la ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi ṣáájú mi.

"Ibi tí mo ti ń ṣe àlùwàlá nílé ni," ó ní. "Gọ́tà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó jáde, mo tẹ̀ mọ́ ẹ̀gbọ́n mi létí, mo béèrè ìdí tó fi parọ́. Ó di ojú rẹ̀.

"Ìwọ nìkan ni iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ nínú wa," ó ní. Lẹ́yìn náà, láìlajú, ó ní, "Mo ti ń gbọ́ òórùn omi yẹn látọjọ́ yìí, ọmọ ìyá mi. Mo rò pé o mọ ohun tí ò ń ṣe ni."

Mo lọ bá dókítà náà ní kọ́rídọ̀, mo sọ òtítọ́ fún un. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú, ó sì pààrọ̀ oògùn. Ó ní kò sí ẹni tó lè búra pé omi yẹn ló fà á, ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ tó bá ti sán, ibikíbi ni kòkòrò lè gbà wọlé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oògùn kò ká a mọ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún lábẹ́ orúnkún. Ẹsẹ̀ tó dára ni wọ́n gé. Èyí tí a ń kọ́ ní iṣẹ́ ló kù, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ń mì lábẹ́ aṣọ ibùsùn.

Ọjọ́ kejì ni mo tọ ọ̀gá lọ, mo ní omi gbọdọ̀ kúrò. Mo ti múra sílẹ̀ fún àríyànjiyàn. Kò jiyàn rárá. Ó ní kí n dà á, ó ní kí ló wá dé tí mi ò sọ látọjọ́ yìí.

Mo ki họ́ọ̀sì bọ̀ ọ́, mo tan ẹ̀rọ, mo darí omi sí gọ́tà kó má baà dé oko olóko, nítorí iyọ̀ á pa ohun ọ̀gbìn wọn. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin orí ìlà fi gbọ́ ìró omi. Wọ́n sáré wá pẹ̀lú jálá àti bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo na ọwọ́ méjèèjì, mo ń sọ fún wọn ní Hausa pé kí wọ́n má bu ú, kò ṣeé mu, kò ṣeé fọ nǹkan. Wọ́n ń wò mí bí ẹni tó ń ṣahun. Ìyá arúgbó kan gba abẹ́ apá mi kọjá, ó bu omi ní àtẹ́lẹwọ́, ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù.

"Ta ló fi iyọ̀ sí omi?" ó béèrè.

Mo ní, "Èmi ni."

Ó gbé jálá rẹ̀, ó sì lọ. Kò bú mi. Ọjọ́ mẹ́jọ ni kànga ẹ̀rọ fi rọ omi tuntun kún púùlù, ọjọ́ mẹ́jọ náà sì ni mo fi ti ẹnu ẹ̀rọ ẹ̀yìn ọgbà pa, nítorí omi kò lè tó ibi méjèèjì. Ohun tí ojú ń tì mí láti ṣe ní ìdajì ọjọ́ kan ni mo wá fi ọjọ́ mẹ́jọ ṣe. Mi ò gbọ́ ariwo ìlà mọ́. Wọ́n ti gba ibòmíràn lọ.

Nígbà tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi ní kí a ṣí aṣọ lórí máṣíìnì. Ó ní ọwọ́ òun ṣì wà, kí èmi fi ẹsẹ̀ mi ṣe ti òun. Mo gbé àpótí sí ẹ̀gbẹ́, mo na ẹsẹ̀ mi sábẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, òun sì ń tọ́ aṣọ. Mo sáré níbi tó yẹ kí n rọra, mo dúró níbi tó yẹ kí n lọ. Òwú já lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìgbà kẹrin, abẹ́rẹ́ ṣẹ́. Ó kó ìdajì méjèèjì jọ sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò wọ́n.

"Jẹ́ kó sinmi," ó ní. "Ẹsẹ̀ rẹ kò mọ ọwọ́ mi."

Ó fa aṣọ padà bò ó fúnra rẹ̀, ó sì tún etí aṣọ náà ṣe kó rọ̀ dọ́gba níhà méjèèjì, bí télọ̀ ṣe ń ṣe.

Mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ilé àlejò náà. Oògùn ìdánwò ti dé láti Kaduna, èmi fúnra mi ni mo lọ rà á. Kóro kò wọ ibẹ̀ mọ́, bí iná kò bá sí, mo ń ti púùlù pa. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń wo àmì dúdú yẹn kí n tó lọ kírun, tí mo bá sì kúrò ní mọ́ṣáláṣí, mo ń yà kí ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tí mo ti ṣàlàyé ìgò náà fún. Á jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ á wà nílẹ̀, nígbà mìíràn á máa lọ sókè sódò fúnra rẹ̀. A ó kíra, a ó béèrè àlàáfíà ara wa. Lẹ́yìn náà á béèrè, ní Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, láìwo ojú mi, "Àmì yẹn ńkọ́?"

"Mo rí i, Bọ̀ọ̀dá."

"Dé ibo?"

Èmi á sọ nọ́ńbà tó wà lára ìgò fún un. Á mi orí, á sì yí ojú sí títì.